Alùpùpù Tó Ti Dúró: Kí Ló Dá A Dúró?



Kò sí àdúgbò kan láàárín Pobè àti Sakété ní ilẹ̀ Benin tí èèyàn ò ti ní rí i: alùpùpù kan tí wọ́n fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí páànù òrùlé bò díẹ̀, tí adìyẹ sì ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn. Táyà ẹ̀yìn ti jò tán, ó ti tẹ́ sílẹ̀ bí ẹ̀bà. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí ẹnì kan nínú ilé. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí owó rẹ̀ ò tó tuntun á yà wọlé, á kí wọn nínú ilé dáadáa, á wá na ìka sí ẹ̀yìnkùlé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní ta nǹkan yìí báyìí?”

Ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni “Èló ni?” Ìyẹn tán, ó di “Ọdún mélòó lẹ fi gùn ún?” Méjèèjì ló yẹ ní bíbéèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú wọn: kí ló dá a dúró? Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Alùpùpù tó ń mówó wọlé náà kì í dédé lọ fara ti ògiri. Ẹni tó bá mọ ohun tó dá a dúró ti mọ ìdajì ohun tí àtúnṣe rẹ̀ máa náni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ń fojú dídì rajà ni.

Ohun tó ń dá alùpùpù dúró lágbègbè yìí pọ̀, òmíràn nínú wọn ò sì kan ẹ́ńjìnnì rárá. Ìtàn ìlú ló ń ṣe é. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọrọ̀ ajé Benin dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù ò wọlé fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ètò àtúntò tí ìjọba sì bá Báǹkì Àgbáyé àti IMF fọwọ́ sí ní 1989 ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn gun orí alùpùpù, wọ́n ń fi gbé èrò. Àwọn elédè Fọ̀n fún iṣẹ́ náà lórúkọ, zémíjàn, tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbé èèyàn kó yá. Yamaha Mate, 50 àti 80, wà lára àwọn tó pọ̀ jù lójú títì nígbà náà, àlòkù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n sọ iye sẹ́fà, owó tí Benin ń ná, di ìdajì: fàráǹkì kan ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń fi 50 sẹ́fà rà di 100. Ọjà tuntun tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan náà, àlòkù wá di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bajaj àti TVS dé láti Íńdíà, tí Haojue àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé láti Ṣáínà. Wọn kì í mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, èéfín wọn ò sì dà bíi ti Mate tó máa ń yọ búlúù lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ bàbá tó ra Bajaj fi Mate rẹ̀ ti ògiri lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó dúró. Àìsàn ìdúró nìkan ló ń ṣe é.

Ẹnubodè náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ ọjà, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tó ń fi alùpùpù kó ẹrù láti Sakété dé Ìgólò lẹ́bàá ẹnubodè, tí ojú ń wo Ìdíròkò ní Nàìjíríà lódìkejì, ìṣẹ́jú kan ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun Nàìjíríà, Bọ́lá Tinúbú, kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500. Kpayo, epo fàyàwọ́ tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ọ̀hún ló ti ń wá, òun náà sì fò sókè. Àwọn tó jẹ́ pé oko nìkan ni wọ́n ń gun alùpùpù lọ padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹni tó ń ta alùpùpù bá sọ pé kpayo ló mú òun gbé e sílẹ̀, ó ṣeé gbà gbọ́. Ẹ ṣáà wo eruku orí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ orí eruku náà bá ti ọ̀rọ̀ ẹnu mu.

Èyí tó ń dunni ni irọ́ kan tó ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń tà: “Púlọ́ọ̀gì nìkan ló kù tí ẹ máa pààrọ̀.” Púlọ́ọ̀gì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bùjí, wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lára alùpùpù. Ẹni tó fi alùpùpù tó ń bọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nítorí púlọ́ọ̀gì, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì ti nọ́kì ni. Ọ́ìlì ló tán lójú ọ̀nà, písítìn gbóná, ó lẹ̀ mọ́ ara ihò tó ń rìn nínú rẹ̀, alùpùpù sì kú lẹ́sẹ̀kan náà.

Ilẹ̀ wa náà ń pa ẹ́ńjìnnì báyìí. Láti Pobè lọ sí Issaba àti Onigbolo, èèyàn á bọ́ sínú ilẹ̀ dúdú àwọn ará Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ amọ̀ tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, á di bí àmàlà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sán. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì irú àwọn alùpùpù yìí lára. Ìdí rèé tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ewé ìwé. Nígbà tí amọ̀ dúdú bá kún àárín àwọn pẹlẹbẹ náà, tó sì gbẹ síbẹ̀, ooru ò ní ríbi gbà jáde. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi igi tín-ín-rín tọ́ àárín àwọn pẹlẹbẹ yẹn. Bí amọ̀ tó le bí bíríkì bá ń já bọ́, ó yẹ kí ara fu ú gidigidi nípa písítìn.

Kó tó di pé owó jáde lápò, ìwé wà láti yẹ̀ wò. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sára irin alùpùpù, lọ́pọ̀ ìgbà níbi ọrùn rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ìdarí. Òmíràn wà lára ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n fi aṣọ àti epo díẹ̀ nu ibẹ̀ títí nọ́ńbà á fi hàn, kí wọ́n sì kà á lẹ́yọ lẹ́yọ síwájú káàtì gríìsì, ìyẹn ìwé alùpùpù náà. Bí ọ̀kan ò bá bára mu, tàbí tí ojú irin náà bá ń dán bí ẹni pé wọ́n ti fi fáìlì ra á, kí olùrà kí wọn pé ó dàbọ̀. Àgbègbè ẹnubodè la wà. Alùpùpù tí wọ́n jí ní òdìkejì lè sùn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá sì jẹ́ ogún ni, tí bàbá tó ni ín ti dolóògbé, kí olórí ẹbí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó ń lọ. Àbúrò kan tó tà á lábẹ́lẹ̀ lè kó ẹni tó rà á dé iwájú ọba tàbí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n á da kpayo tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọ́n á sì máa ta á lẹ́sẹ̀ títí òógùn á fi bò wọ́n. Àṣìṣe tó ń náni lówó jù nìyẹn. Inú ẹ́ńjìnnì tó ti dúró gbẹ. Ọ́ìlì tó yẹ kó wà láàárín písítìn àti ara ihò rẹ̀ ti sàn sílẹ̀, ìpẹtà wẹ́wẹ́ sì ti bo ojú irin. Ẹni tó bá ń ta á lẹ́sẹ̀ ń fi ìpẹtà yẹn họ irin lára.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì, á da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú ihò náà, á sì ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, á kó o sí gíà, á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nílẹ̀, á fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Bó bá yí, ọpẹ́ ni. Á wá fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì, kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò náà dànù, ríǹgì ara písítìn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí àtàǹpàkò bá jókòó síbẹ̀ láìmira, ríǹgì ti jẹ tàbí kó ti lẹ̀, kí owó tí olùrà máa dá sì jẹ́ iye alùpùpù tí wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá le gbagidi tí kò yí lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta nínú ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin: wọ́n á fẹ ihò náà lójú, wọ́n á fi písítìn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ sí i. Kó tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń ta píẹ̀sì, kó béèrè bóyá wọ́n ní písítìn náà. Honda Cub tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Japan ní 1958 ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nígbà tó di 2017, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n wò ó ṣe ṣì ń tàn káàkiri ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo alùpùpù. Ẹlòmíràn ti ra Mate lówó pọ́ọ́kú, ó sì fi oṣù méjì wá písítìn kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí kábúrétọ̀, torí ibẹ̀ ni alùpùpù tó ti dúró ti sábà máa ń ṣàìsàn, ibẹ̀ náà ni oògùn rẹ̀ ti rọrùn jù.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀pọ̀ gárààjì wa wà. Mẹkáníìkì á tẹ́ àpò sílẹ̀, á tú kábúrétọ̀, á sì ṣí ife kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí alùpùpù náà bá ti dúró pẹ́, epo kọ́ ló máa bá nínú ife náà. Oje ló máa bá, pupa rúsúrúsú bí oyin àtijọ́, tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí ife, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ọ̀dà tó ti gbẹ nínú agolo. Epo bẹntiróòlù kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi ló parapọ̀ di í. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó ń tètè gbiná, òun ló ń kọ́kọ́ fò lọ. Èyí tó wúwo á kù, á bá afẹ́fẹ́ pàdé, á di oje. Oṣù mélòó kan ti tó fún un nínú ooru ilẹ̀ wa.

Jẹ́ẹ̀tì ni irin kékeré aláwọ̀ idẹ tí epo ń gbà kọjá. Ihò àárín rẹ̀ kéré débi pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ ò lè wọ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì á mú un láàárín ìka méjì, á gbé e sókè sí oòrùn, á di ojú kan. Bí ojú kejì bá rí ìmọ́lẹ̀ roboto bí orí abẹ́rẹ́, ọ̀nà là. Bí kò bá rí nǹkan kan, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ náà bá wọ́, oje ti dí i. Ohun tó kù ni kó rẹ ẹ́ sínú epo tuntun, kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi wáyà irin gún un ti ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ihò náà á fẹ̀ sí i, ojú lásán ò ní rí i, ṣùgbọ́n àpò olówó á rí i: láti ọjọ́ náà ni alùpùpù yẹn á ti máa mu epo bí ẹni mu omi.

Gbogbo iṣẹ́ yìí di asán bí táǹkì bá ń pẹtà nínú. Ìhà gúúsù Benin ní ìgbà òjò méjì lọ́dún, táǹkì tí epo rẹ̀ ò kún sì máa ń lààgùn nínú lóru. Kí wọ́n tú u kúrò lára alùpùpù, kí wọ́n da epo àtijọ́ nù, kí wọ́n bu ọmọ òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ṣéènì àlòkù sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n sì máa mì í bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kíkan ọsàn náà ló ń jẹ ìpẹtà. Lẹ́yìn náà, omi mímọ́, oòrùn, ọ́ìlì díẹ̀ láti fi pa inú rẹ̀. Kí wọ́n tó da kpayo sínú rẹ̀, kí wọ́n bù ú sínú ìgò funfun ná, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa lọ jókòó sí, nítorí omi wúwo ju epo lọ. Èèyàn á rí ààlà wọn kedere.

Èyí tó kan Mate nìkan wà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ó ti pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Láti 1964 ni Yamaha ti ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Autolube: ọ́ìlì ní táǹkì tirẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fà á lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí alùpùpù bá ti dúró lọ́dún púpọ̀, afẹ́fẹ́ á ti gba inú páìpù yẹn. Ẹ́ńjìnnì á tan, inú gbogbo èèyàn á dùn, wọ́n á gùn ún, ọ́ìlì ò sì ní dé ibi tó yẹ kó dé. Kó tó dé Sakété, ó ti nọ́kì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí epo táǹkì àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò mọ́ ọ́ìlì, irú èyí tí àwọn oní-kpayo ń pè ní mẹ̀láńjì, títí wọ́n á fi rí i pé ọ́ìlì ń ṣàn nínú páìpù láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ kábúrétọ̀ nítòsí iná ìdáná, tàbí níbi tí wọ́n ti ń mu sìgá. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni iná sọ níbi tí wọ́n kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Kraké lẹ́nubodè Nàìjíríà, èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n ló sì kú síbẹ̀. Epo tó jó níbẹ̀ àti èyí tí à ń bù sínú ife lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àwọn tó kù ò gba àròyé púpọ̀. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì nípọn tó. Kí wọ́n ṣí bíréèkì, kí wọ́n fọ amọ̀ inú rẹ̀. Kí wọ́n rẹ ṣéènì sínú ọ́ìlì mọ́jú. Kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù láìwo bó ṣe mọ́ tó. Kí wọ́n sì tọ́ inú sàlẹ́ńsà pẹ̀lú wáyà gígùn, torí agbọ́n a máa fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, eku náà a sì máa bímọ sínú àpótí tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Alùpùpù tí kò rí èémí mí, kò sí bí wọ́n ṣe máa ta á lẹ́sẹ̀ tó máa tan.

Tó bá tan nígbẹ̀yìn, kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìgùn ún, kí wọ́n wá gbé e sọ́nà. Láti Pobè dé Sakété jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà, ìwọ̀n tó dára fún ìdánwò. Kí ẹni tó ń gùn ún rọra máa lọ, kó má ṣe gbé èrò sẹ́yìn, kó sì mú sípánà púlọ́ọ̀gì dání. Bó bá dé Sakété, kó dúró lábẹ́ ibòòji, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, kó tú púlọ́ọ̀gì náà, kó wo ẹnu rẹ̀. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tó sì tutù, epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kéré. Bó bá funfun bí eérú, ooru ti pọ̀ jù, kó má ṣe gùn ún padà, kó wá ọkọ̀ tó máa gbé òun àti alùpùpù náà dé Pobè. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bíi ti ẹ̀pà tí wọ́n yan, tó pọ́n díẹ̀ tí kò jóná, kó dá a padà síhò rẹ̀, kó ra omi tútù mu, kó sì kọrí sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí iná iwájú ni kò tíì tún ṣe.